Ẹṣin Tí Mo Yí Orúkọ Rẹ̀ Padà

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí mo ń ka ìwé ẹṣin fún,

Orí àga yín ni mo jókòó sí, nínú ṣọ́ọ̀bù wa ní Nimbo, ní Bouaké ilẹ̀ Ivory Coast níbí, àga onígi tí ẹ fi rọ́bà tíúbù wé lẹ́sẹ̀ nígbà tó ya. Ó ṣì ń mì. Màmá ní kí n gbé e sọnù, mo ní rárá. Òjò ń rọ̀ láti àárọ̀, gbogbo àwọn onímòtò-taksí, tí ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń pè ní ọlọ́kadà, tó máa ń dúró de èrò ní ìkóríta ti sá lọ sábẹ́ páànù onípáànù, kò sí ẹni tó wá ra nǹkan, ni mo bá ní kí n kọ̀wé sí yín. Ó di ọdún méjì tí ẹ ti lọ, n kò sì kọ̀wé sí yín rí. Kí ni mo fẹ́ sọ nígbà náà? Pé ilé ṣófo? Ẹ mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni mo lè bá sọ ọ́.

Wọ́n ti ṣe òfin tuntun lórí tẹ́tẹ́ ẹṣin. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn aṣòfin jókòó lé e lórí ní tòótọ́, rédíò ò yéé sọ ọ́. Nígbà tiyín, kíósìkì kan ṣoṣo ló wà, èyí tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, tí ẹ máa ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ síbẹ̀ kí ará Ògbómọ̀ṣọ́ kankan má baà rí yín. Nísinsìnyí òfin ní kí ó kárí. Ṣọ́ọ̀bù yòówù tó bá ní ìwé ìjọba lè gba àṣẹ, kí ó gbé pátákó kọ́, kí ó máa ta ìwé ẹṣin, kí ó sì máa gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ta. Èèyàn tún lè ta á lórí fóònù, kódà lórí ibùsùn rẹ̀. Wọ́n ní owó orí tó bá ti ibẹ̀ wá ni wọn yóò fi tún ọ̀nà ṣe, ni wọn yóò fi kọ́ ilé ìwé. Aṣòfin kan ní bí ìjọba kò bá ṣí ilẹ̀kùn, ojú fèrèsé làwọn èèyàn máa gbà wọlé. Òmíràn ní ilé tó ti ń jó ni wọ́n ń da epo sí. Mo gbọ́ tàwọn méjèèjì, n kò sì rí ẹni tó parọ́ nínú wọn.

Ibi tó ti kàn mí nìyí. Ní ọjọ́ Àtìní, ọkùnrin kan wọlé wá, ó wọ ṣáàtì funfun, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó ní òun ń bá àwọn tó gba àṣẹ tẹ́tẹ́ wá ṣọ́ọ̀bù káàkiri àdúgbò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àwọn mòtò tó tò sí ìkóríta, ó wò wọ́n títí, ó ní irú ibi tí òun ń wá gan-an nìyí. Wọn yóò kun ògiri wa, wọn yóò pààrọ̀ páànù tó ń jò, wọn yóò gbé ẹ̀rọ tiwọn wá. Kí n ṣáà ti buwọ́ lùwé. Ó fi ìwé náà sílẹ̀, ó ní òun ń padà bọ̀ ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, pé bí n kò bá fẹ́, òun yóò sọdá lọ bá ará iwájú wa.

N kò ní parọ́ fún yín, nítorí mo ti parọ́ fún yín tó. Ọjà kò tà mọ́. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló ń ta táyà àti ṣéènì ní òpópónà kan ṣoṣo yìí báyìí, tiwọn sì ń dán ju tiwa lọ. Mo ti sọ fún Màmá pé bí àsìkò òjò yìí bá parí tí nǹkan kò yí padà, a ó ti ilẹ̀kùn yìí pa, a ó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé. Màmá kàn mú àkísà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu àwọn pákó ọjà yín lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé àlejò ń bọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin yẹn lọ, mo tọ́jú ìwé rẹ̀ dáadáa sábẹ́ ìwọ̀n orí káńtà.

Ṣé ẹ rántí àwọn ọjọ́ Àìkú wa? Ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí ìlàjì. Ẹ ó ti gbá ilẹ̀ fúnra yín, nítorí ẹ kò gbà pé ẹnikẹ́ni mọ ilẹ̀ gbá tó yín. Tíì yín á wà nínú kọ́ọ̀bù onírin, pẹ̀lú ṣúgà tí Màmá ti ní kí ẹ má fi sí i mọ́. Ẹ ó mú ìwé ẹṣin jáde lábẹ́ àwọn táyà, ẹ ó wo ọ̀tún, ẹ ó wo òsì, ẹ ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ẹ gbọ́ èdè Jùlá ju àwọn tó ni ín lọ, ẹ gbọ́ èdè Baulé àwọn onílẹ̀ tó èyí tí a fi ń ná ọjà, ṣùgbọ́n Faransé orí ìwé kò bá yín rẹ́. Ẹ máa ń sọ pé èmi ni ojú yín. Màá ka orúkọ ẹṣin kan, ẹ ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ẹ ó wá dijú, ẹ ó máa pè é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò.

Nítorí ẹ̀yin kì í wo ẹsẹ̀ ẹṣin. Ẹ kì í wo ẹni tó gùn ún, ẹ kì í béèrè iye ìgbà tó ti borí. Orúkọ ni ẹ ń wò. Ẹ ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ, kí ló wá dé tí kò ní ro ẹṣin? Bàbá Kúásí, ọ̀rẹ́ yín Baulé tó ṣiṣẹ́ fẹ̀yìntì ní ilé iṣẹ́ aṣọ, máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Anago, bí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá níbí, nìkan ló lè sọ ẹṣin di ọmọ tuntun. Ẹṣin kan wà tó ń borí ṣáá, ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni Ìjà Ìgboro. Ẹ kò fi fàráǹ kan lé e rí. Ẹ ní bó ti wù kó yára tó, àwọn òbí rẹ̀ kò mọ orúkọ sọ. Òmíràn wà tó ń jẹ́ Ọmọ Ìyá Arúgbó, tí kì í wọlé àfi tí wọ́n bá ti ń ká okùn pápá. Gbogbo ìgbà tó bá ti ń sáré ni ẹ máa ń fi owó lé e, ẹ ní lọ́jọ́ kan àdúrà ìyá rẹ̀ á gbà. Owó búrẹ́dì kan ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ rí.

Bàbá, ohun tó ti wà ní ikùn mi láti ìgbà náà nìyí: n kò mọ ìtumọ̀ ìdajì àwọn orúkọ yẹn. Olùkọ́ wa kò tíì kọ́ wa débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ máa ń wò mí bí ẹni pé mo ti gba oyè dókítà, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé n kò mọ̀? Mo ń hun ún ni. Bí ọ̀rọ̀ náà bá gùn, màá fún un ní ìtumọ̀ tó gùn. Bí ó bá dùn létí, màá wá èyí tó dùn. Arẹwà Ọkọ Ìyàwó, èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó Gun Òkè Láìmí, èmi náà ni. Ẹ ń fi owó búrẹ́dì yín lé wọn, wọ́n ń kẹ́yìn, ẹ sì ń bá wọn wá àwáwí, ẹ ní ó dà bíi pé ara wọn kò yá lọ́sẹ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí mo mọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn ni lẹ́tà dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé Ìyá Àgbà, ìyá yín, ti kú, pé wọ́n ti sin wọ́n, pé wọ́n ti ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ pàápàá kí lẹ́tà tó kúrò nílé. Ẹ ká a sí mẹ́rin, ẹ fi sínú fìlà yín, ẹ dé fìlà padà. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju kí ẹ kí wọn lọ. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, mo ṣí ìwé ẹṣin, mo rí orúkọ kan, ọ̀rọ̀ kéékèèké méjì péré, irú èyí tí wọ́n ń kọ sára pátákó ibùdókọ̀, tí ọmọ kíláàsì mi kankan kò lè ṣì kà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Kò Ní Padà. Mo gbójú sókè, mo rí ojú yín. Mo ní orúkọ rẹ̀ ni Ó Ń Padà Bọ̀.

Ẹ ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ní ẹni tó ń padà bọ̀ wálé kì í ṣọ̀lẹ lójú ọ̀nà. Ẹ dìde, ẹ lọ. Ẹṣin náà borí, Bàbá. Nínú gbogbo èyí tí mo kà fún yín, òun nìkan ni mo rántí pé ó borí. Ẹ ra ẹja fún Màmá, ẹ sì ra dìkísọ́nẹ̀ẹ̀ fún mi, ìwé atúmọ̀ èdè Faransé tó tóbi, tó pupa lẹ́yìn, tí ojú ìwé díẹ̀ ti já kúrò níparí rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni ẹ fi gbé e fún mi. Mo bú sẹ́kún. Ẹ rò pé ayọ̀ ni.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì ni ti ìsọmọlórúkọ. Bàbá Rájí, àbúrò yín, bímọ ní Sokoura, gbogbo wa sì lọ. Ẹ̀yin ni gbogbo èèyàn ń wò lọ́jọ́ yẹn, nítorí àwọn àgbà mọ́sálásí wa ti ń sọ ọ́ pé ẹ̀yin ni wọn yóò fi ṣe ládàánì. Ta ni kò mọ ohùn yín? Bí ẹ bá pe ìrun nínú ilé lásán, àwọn aládùúgbò á dákẹ́. Wọ́n gbé abọ́ yípo gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é, kí olúkúlùkù àgbà fi owó sílẹ̀ kó sì fún ọmọ ní orúkọ tirẹ̀. Ó kàn yín. Ẹ fi owó sínú abọ́, ẹ ní Àkàndé. Ẹ̀gbẹ́ yín ni mo jókòó sí. Ibì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí bàbá mi ti ń fi owó lé orúkọ. Nígbà tí gbogbo ilé dákẹ́ fún àdúrà, mo béèrè sókè:

"Bàbá, ṣé ọmọ yìí náà máa sáré lọ́jọ́ Àìkú?"

Àwọn obìnrin kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àáfà wá bi mí pé eré wo. Èmi ọlọ́gbọ́n ọmọ, mo ṣàlàyé. Mo sọ ti ìwé, mo sọ ti kíósìkì, mo sọ bí a ṣe ń yan orúkọ. Mo tilẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ fún wọn. Ìgbà tí mo máa fi parí, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́, ẹ̀yin sì ń wo ẹní tí a jókòó lé. A fẹsẹ̀ rìn délé láti Sokoura, ẹ di ọwọ́ mi mú, mo ń retí ìyà. Ẹ̀pà sísun ni ẹ rà fún mi. Ẹ kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, lọ́jọ́ yẹn àti títí ẹ fi lọ.

Bàbá Rájí ni wọ́n fi ṣe ládàánì. Láàárọ̀ kùtùkùtù, bí ohùn wọn tó máa ń sán bá dìde láti orí gbohùngbohùn, ẹ ó jókòó sétí ibùsùn, ẹ ó máa dá wọn lóhùn lábẹ́lẹ̀. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ìsọmọlórúkọ yẹn gan-an, ẹ tún mú ìwé ẹṣin jáde, ẹ gbé e lé mi lọ́wọ́, ẹ ní kí n kà á. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà. Bí mo ṣe ń dàgbà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá yín lẹ́jọ́. Mo ní bàbá mi yan ẹṣin ju mọ́sálásí lọ, wọ́n dójú tì í, kò sì lè jáwọ́. Níbi tí wọ́n ti ń kó iyẹ̀pẹ̀ bò yín, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lọ́kàn mi. Ẹ fojú fò ó fún mi.

Ní ọjọ́ Àtàláátà, Bàbá Rájí wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti gbọ́ nípa ìwé tí mo fi sábẹ́ ìwọ̀n. Wọ́n ní kí n má buwọ́ lù ú, pé èèwọ̀ ni, n kò sì ní ẹnu láti jiyàn nítorí èèwọ̀ náà ni. Ká ní wọ́n ti dákẹ́ síbẹ̀. Wọ́n wá fi kún un pé kí n má bá yín parí ìtìjú tí ẹ̀yin bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe yí ẹ̀yìn padà báyìí ni mo fa ìwé náà yọ, mo mú bíìkì ìkọ̀wé, mo kọ orúkọ mi débi ìlàjì. Ẹnì kan ló wọlé wá béèrè púlọ́ọ̀gì. Púlọ́ọ̀gì yẹn ló gbà mí lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Àlàmísì, Bàbá Kúásí dé. Wọ́n ti gbẹ, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí wọ́n má wá jókòó díẹ̀ níwájú àga yín. Mo fi ìwé náà hàn wọ́n. Mo ní ìjọba ti wẹ bàbá mi mọ́ níkẹyìn, pé ohun tó ń fara pamọ́ ṣe ni wọ́n ń gbé pátákó kọ́ fún báyìí. Mo ní nítorí yín ni mo ṣe máa buwọ́ lù ú. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n bi mí pé ta ló sọ fún mi pé ẹ ń ta tẹ́tẹ́. Mo ní ṣé wọ́n ń fi mí ṣeré ni.

"Ọmọ mi, láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn, bàbá rẹ kò ta tẹ́tẹ́ mọ́. Ìta ló máa ń dúró sí tí mo bá wọlé lọ ta tèmi. Ìwé nìkan ló máa ń ní kí n bá òun rà, kí o lè rí nǹkan kà."

Bàbá, mo di àga yín mú. Mo ní kí ló dé tí ẹ kò sọ fún àwọn àgbà? Wọ́n ní ìbéèrè tí àwọn náà bi yín nìyẹn. Wọ́n ní ẹ dáhùn pé bí ẹ bá lọ sọ pé ẹ ti jáwọ́, wọn yóò ní kí ẹ ju ìwé náà nù pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni ìwé tí mo ń sáré lọ kà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé mi síbẹ̀. Ẹ ní ládàánì kò tán ní Bouaké, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kàwé fún yín kò ju ẹyọ kan lọ. Ọdún mélòó ni mo kà á fún yín títí mo fi wọ ilé ìwé gíga? Ọdún mélòó ni ẹ fi jókòó tí ẹ ń yan orúkọ tí ẹ kò ní fi owó lé?

Mo wá jẹ́wọ́ fún Bàbá Kúásí. Mo ní mo máa ń hun àwọn orúkọ yẹn ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Wọ́n ní ẹ mọ̀! Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti ń ka èyí tó tọ́ fún yín lójú ọ̀nà, ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún mi, ẹ ní àwọn orúkọ tèmi dára ju ti Faransé lọ. Mo bi wọ́n nípa Kò Ní Padà. Ẹ̀rín tán lójú wọn. Ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn, n kò tíì lè kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àná fún yín ná.

Mo jí lánàá pẹ̀lú ọkàn rírọ̀. Mo ní tẹ́tẹ́ bàbá mi kò burú tó bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ni. Mo ní tí ọkùnrin oníṣáàtì funfun bá dé, màá parí orúkọ mi, ṣọ́ọ̀bù yín á wà, Màmá á sinmi. Ìyẹn ni mò ń rò nígbà tí Síàká wọlé, onímòtò tí ẹ mọ̀, tó ti ń ra ọjà lọ́wọ́ wa láti ayé yín. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ débi okùn inú rẹ̀, mo sì ti ń kìlọ̀ fún un. Ó ní òun yóò rà á tí eré ọjọ́ Àìkú bá parí. Ó fa ìwé ẹṣin yọ lápò, wọ́n ti ń tà á ní ìkóríta báyìí bí ìgbà tí wọ́n ń ta omi tútù. Ó gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó sórí bẹ́ǹṣì, nínú aṣọ ilé ìwé rẹ̀, ó ní kó ka orúkọ àwọn ẹṣin náà kó sì túmọ̀ wọn sí Jùlá fún òun.

Ọmọ náà kàwé dáadáa. Mo ń to bíréèkì, mo ń gbọ́ ọ. Ó wá dé orí orúkọ kan, ó dúró. Ó wo òkè àjà, ó wo bàtà rẹ̀, ó wá wò mí. Bàbá, mo mọ ojú yẹn. Ó yí sí bàbá rẹ̀, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ọba Ojú Títì. Síàká gbá itan. Ó ní kí ni onímòtò tún ń wá lẹ́yìn ìyẹn, pé gbogbo owó táyà lòun máa gbé lé e.

Bíréèkì dúró lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ní Bàbá Kúásí tó ń ka èyí tó tọ́ fún yín, Síàká kò ní ẹnì kankan. Ẹ̀yin mọ̀ pé mò ń hun ún, owó búrẹ́dì kan sì ni tiyín. Síàká kò mọ̀, táyà sì ni tirẹ̀, èèyàn méjì ló sì máa ń gbé sẹ́yìn sáré lọ sí N'Gattakro lórí okùn tó yọ síta yẹn. Ká ní pátákó tẹ́tẹ́ ti wà lókè orí mi ní wákàtí yẹn, èmi ni ǹ bá na ọwọ́ gba owó náà, ǹ bá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi tí mò ń ta táyà.

Mo gbé dìkísọ́nẹ̀ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tíúbù. Ó ṣì wà, ẹ̀yìn pupa rẹ̀ nìkan ló ti bọ́. Mo jókòó ti ọmọ náà, mo ní ọ̀rọ̀ yìí le, pé èmi náà kò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo wà bíi tirẹ̀, pé kí a jọ wá a. A rí i. Irú òdòdó kan ni, èyí tó máa ń hù létí omi. Ọmọ náà kà á fún bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Síàká rẹ́rìn-ín, ó ní òdòdó kò lè sáré ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó ká ìwé ẹṣin rẹ̀ padà sápò, nítorí náà n kò mọ ohun tó máa ṣe. Ó ṣáà ní kí n bá òun fi táyà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọkùnrin oníṣáàtì funfun dé ṣáájú ìrun Jímọ́ọ̀. Mo dá ìwé rẹ̀ padà pẹ̀lú ìlàjì orúkọ mi tí mo ti fa igi lé. Kò bá mi jà. Ó sọdá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń wọn iwájú ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. N kò mọ̀ bóyá tiwa yìí á kọjá òjò yìí. Ṣé mo ṣe é re, Bàbá? Ó wù mí kí ẹ ṣáà wúkọ́, bí ẹ ti máa ń wúkọ́ nígbà tí ẹ bá fara mọ́ nǹkan tí ẹ kò fẹ́ yìn.

Lẹ́yìn ìrun, mo dúró de Bàbá Rájí lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, mo sọ gbogbo ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu Bàbá Kúásí fún wọn. Wọ́n ṣí fìlà. N kò rí orí wọn níta rí. Wọ́n ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n àwọn fi jẹ́ kí àwọn gba ipò náà láti gbogbo ọdún yìí wá? Wọ́n jókòó sórí òkúta tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Ní ìrun Alásàrì, ẹlòmíràn ló pe ìrun, nítorí Bàbá Rájí ní ohùn àwọn kò jáde.

Ó yá, mo lè kọ ọ́ báyìí. Bàbá Kúásí ní àwọn ka orúkọ yẹn fún yín lẹ́ẹ̀mẹta níwájú kíósìkì, pé Kò Ní Padà ni, pé ọmọ yín ṣì í kà. Ẹ ní ẹ ti gbọ́. Ẹ ní ẹ mọ̀ pé ìyá yín kò ní padà. Ẹ ní ọmọ yín kò sì ṣì í kà, ẹ wá fi kún un pé:

"Ó wo ojú mi, ó sì wá ọ̀rọ̀ tó máa tù mí nínú. Òun ni mo ń fowó lé, kì í ṣe ẹṣin."

Bàbá mi, ọjọ́ Àìkú ni ọ̀la. Màá gbálẹ̀, kò ní dà bíi tiyín. Màá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí ìlàjì. Ọmọ Síàká ti bi mí bóyá òun lè wá kàwé lórí bẹ́ǹṣì, mo ní kó máa bọ̀. Bí ó bá hun ọ̀kan, màá kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀ kí n tó na dìkísọ́nẹ̀ẹ̀ sí i.

Èmi ni,
ojú yín, tí ẹ kò fi ìgbà kankan ta nù.